Bí a ṣe ń to àtùpà Hánúkà sílẹ̀ fún àgbàlagbà Júù tí à ń tọ́jú

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà gbé dé ilé àwọn Júù, yálà ní Stamford Hill àti Golders Green ní London tàbí ní Borough Park àti Flatbush ní Brooklyn, la máa ń ṣi nǹkan kan náà ṣe lọ́dọọdún. Ìgbà òtútù á dé, màmá tàbí bàbá á ní ká bá òun gbé àtùpà ẹlẹ́nu mẹ́sàn-án sọ̀ kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àbẹ́là láti apá òsì. Àwọn mìíràn á tún ṣe oore àṣejù, wọ́n á ṣá ìṣáná, wọ́n á tan án fún wọn. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ á ti ṣú kí a tó rántí. Lójú tiwa, kí ló burú nínú ìyẹn? Lójú màmá, alẹ́ kan ti bọ́ nínú mẹ́jọ, kò sì ṣeé san padà lọ́jọ́ kejì.

Mi ò ní pìtàn. Hánúkà ni àjọ̀dún ìyàsímímọ́ tí Jòhánù 10:22 dárúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ogun tó bí i, kó lọ ka ìwé Mákábì. Iṣẹ́ ọwọ́ la bá wá síbí. Ohun kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn: iṣẹ́ tiwa parí kí iná tó ràn. Àwa lè ra nǹkan, a lè nu nǹkan, a lè tò ó, a lè ṣọ́ ọ. Júù ló gbọ́dọ̀ tan án. Bí ẹni tí òfin yìí kò kàn bá tan án, bí ìgbà tí wọn kò tan nǹkan kan ni.

Ohun tí ẹ máa kó jọ ṣáájú

- Hanukíyà, ìyẹn àtùpà náà gan-an. Ẹnu mẹ́jọ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan, kí gíga wọn dọ́gba. Ẹnu kẹsàn-án á ga jù wọ́n lọ tàbí kó yà sí ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni ṣámáṣì ń jókòó sí, àbẹ́là tí wọ́n fi ń tan àwọn yòókù. Bí ẹ bá rí ẹlẹ́nu méje ní ọjà, ẹ má rà á. Irú èyí tó wà nínú Tẹ́ńpìlì nìyẹn, kò wúlò fún Hánúkà.
- Àbẹ́là 44. Mẹ́rìndínlógójì fún alẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àti ṣámáṣì kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iye tó sábà máa ń wà nínú páálí kan nìyẹn. Ẹ ra páálí kejì, nítorí àbẹ́là wọ̀nyí tínrín, wọ́n sì ń kán.
- Ilé mìíràn kì í lo àbẹ́là, òróró ólífì ni tiwọn, nítorí òróró ni iṣẹ́ ìyanu inú ìtàn náà dá lé: èyí tó yẹ kó tó ọjọ́ kan ló jó fún mẹ́jọ. Ẹ wá ife gíláàsì kéékèèké àti òwú sílẹ̀.
- Àbẹ́là tó nípọn, tó lè jó fún wákàtí méjì, fún alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
- Àwo irin tó fẹ̀ tàbí fóìlì tí a ká ní ìlọ́po méjì, ìṣáná, àti ìdérí ìkòkò irin kan nítòsí. Iná òróró kò gbọ́dọ̀ rí omi. Ìdérí la fi ń bò ó mọ́lẹ̀.
- Kàlẹ́ńdà sínágọ́gù tí ìdílé náà ń lọ. Ẹ má gbára lé ti ilé ìfowópamọ́ tó wà lára ògiri ilé ìdáná.

1. Ẹ mọ alẹ́ tí ó ń bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 25 oṣù Kíslẹ́fù nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù ni Hánúkà ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi dúró sójú kan nínú kàlẹ́ńdà tiwa. Ọjọ́ àwọn Júù sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Bí fóònù yín bá wí pé 5 oṣù Kejìlá ni ọjọ́ kìn-ín-ní, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 4 ni iná àkọ́kọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù alẹ́ àkọ́kọ́.

Ní 2026, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Kejìlá ni. Ní 2027, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù Kejìlá ni. Ní 2028, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kejìlá. Ẹ wo méjì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa: bí alẹ́ kìn-ín-ní bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, alẹ́ kẹjọ náà á bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìpele 6 ìsàlẹ̀ yìí máa kàn yín ní ọdún kan ṣoṣo.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ alẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí ìwé kan, ẹ kọ iye àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Alẹ́ kìn-ín-ní, 1 pẹ̀lú ṣámáṣì. Alẹ́ kẹjọ, 8 pẹ̀lú ṣámáṣì. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín á mọ ibi tí wọ́n dé.

2. Ẹ wá ibi tó máa dúró sí

Ojú ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ kí iná yìí máa wò, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ní Jerúsálẹ́mù, ẹ máa rí i nínú àpótí gíláàsì ní ìta ẹnu ọ̀nà, ní apá òsì ẹni tó ń wọlé, ní òdìkejì mezuzah, àpò kékeré tí ìwé mímọ́ wà nínú rẹ̀, tó wà lára òpó ọ̀tún. Ní London àti New York, fèrèsé tó kọjú sí títì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Àwọn mìíràn kàn ń gbé e sórí tábìlì. Ẹ bi màmá níbi tí wọ́n ń gbé e sí nílé bàbá wọn. Nílé Júù, àṣà ìdílé lágbára púpọ̀.

Kọ́tìnnì ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé kí ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan. Ẹ so ó, nítorí atẹ́gùn abẹ́ fèrèsé lè gbé e padà. Ẹ tẹ́ àwo irin sílẹ̀ kí ẹ tó gbé hanukíyà lé e.

Ìkìlọ̀ tí kò ní àwàdà nínú: bí àgbàlagbà náà bá ń lo ẹ̀rọ ọ́ksíjìn, iná tòótọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn. Ẹ pe àwọn ọmọ wọn ṣáájú àjọ̀dún, kí wọ́n bi rábì wọn bóyá ọmọ ilé mìíràn lè tan tiwọn níbòmíràn, tàbí bóyá ti iná mànàmáná á tó. Púpọ̀ nínú àwọn rábì kò gba gílóòbù fún gbígba àdúrà ìbùkún lé lórí, nítorí náà kì í ṣe àwa la máa pinnu rẹ̀. Ọ́ksíjìn ni tiwa láti pariwo lé lórí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tàbí àga tí màmá máa jókòó sí, ẹ na ọwọ́. Ṣé ọwọ́ dé ẹnu kẹjọ láì tẹ̀ síwájú? Bí kò bá dé, ẹ yí ibẹ̀ padà nísinsìnyí. Tí wọ́n bá ti tan án tán, a kì í gbé e kúrò níbi tí wọ́n ti tan án; ibi tó bá wà nígbà tí iná ràn ni ibi rẹ̀.

3. Títò: ọ̀tún ta ni?

Ọ̀tún ẹni tó fẹ́ tan án ni. Kì í ṣe ti ẹni tó dúró lójú títì, kì í sì í ṣe tiyín bí ẹ bá dúró sí òdìkejì tábìlì. Ẹ lọ dúró sí ibi tí bàbá máa wà, kí ẹ tó fọwọ́ kan àbẹ́là kankan.

Alẹ́ kìn-ín-ní: àbẹ́là kan ní ìpẹ̀kun apá ọ̀tún. Alẹ́ kejì: ẹ fi ọ̀kan sí ibì kan náà, ẹ wá fi èkejì sí òsì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe máa sún lọ sí òsì títí ẹnu mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á fi kún. Ṣámáṣì ń wà ní àyè tirẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹnìkan lè bi yín pé kí ló dé tí a kò kúkú bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́jọ kí a máa dín in kù. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ Ṣámáì, olùkọ́ òfin Júù kan, sọ láyé àtijọ́ gan-an nìyẹn. Ti Hílẹ́lì, olùkọ́ kejì tó ní ká máa fi kún un, ni gbogbo ayé Júù ń tẹ̀ lé.

Àbẹ́là tuntun lójoojúmọ́. Ẹ má fi àjókù àná sí i láti fi ṣọ́ owó.

Ó ní bí àbẹ́là ṣe ń dúró ṣinṣin. Ẹnu hanukíyà kì í sábà bá ìdí àbẹ́là mu. Ẹ ṣá ìṣáná, ẹ fi iná rẹ̀ kan ìdí àbẹ́là fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan títí tó fi máa dán bí ẹni fẹ́ kán, ẹ tì í bọ ẹnu hanukíyà lójú ẹsẹ̀, ẹ dì í mú gbọn-in títí tó fi máa tutù. Kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá tẹ̀ ń fi ooru yọ́ èkejì rẹ̀, iná méjèèjì á papọ̀ di ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ kí iná kọ̀ọ̀kan dá dúró kí a lè kà á.

Bí òróró bá ni, ẹ da òróró sí i kí ẹ tó ti òwú bọ̀ ọ́, ẹ sì jẹ́ kí òwú mu òróró dé orí. Òwú gbígbẹ á kàn jó di eérú ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka àbẹ́là. Iye alẹ́ pẹ̀lú ọ̀kan. Ẹ fi ìka ti ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ mì.

4. Àkókò àti títàn

Àwọn kan ń tan án bí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn kan ń dúró de ìgbà tí ìràwọ̀ bá yọ. Ẹ tẹ̀ lé ti ilé náà. Ohun tí kò yí padà ni pé iná gbọ́dọ̀ jó fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ní báyìí, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Bàbá tàbí màmá á tan ṣámáṣì, wọ́n á dì í mú, wọ́n á gba àdúrà ìbùkún: mẹ́ta ní alẹ́ kìn-ín-ní, méjì ní àwọn alẹ́ yòókù. Àdúrà ló ń ṣáájú iná, torí náà ẹ má kánjú nawọ́ sí nǹkan kan bí wọ́n bá dákẹ́ díẹ̀ láàárín. Ọ̀rọ̀ ń sọ nù lẹ́nu àgbàlagbà. Ẹ tẹ àdúrà náà ní lẹ́tà gàdàgbà, ẹ gbé e síwájú wọn. Bí wọ́n bá gbàgbé ẹ̀kẹta ní alẹ́ kìn-ín-ní, wọ́n lè gbà á ní alẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Títò àti títàn kò gba ọ̀nà kan náà, èyí sì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Láti ọ̀tún sí òsì la tò ó. Láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n ń tàn án. Àbẹ́là alẹ́ yìí, tó dé kẹ́yìn, ló ń kọ́kọ́ gba iná.

Bí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, ẹ lo àbẹ́là gígùn fún ṣámáṣì kí ọwọ́ lè jìnnà sí iná. Bí wọn kò bá lè dì í mú rárá, ọmọ tàbí aládùúgbò tó jẹ́ Júù ni kí ẹ pè, kì í ṣe àwa. Àwọn obìnrin náà wà lára àwọn tí òfin yìí kàn, nítorí náà màmá tó ń dá gbé kò nílò láti dúró de ọkùnrin kankan. Nílé àwọn Àṣkẹ́násì, ìyẹn àwọn Júù tí ìran wọn wá láti àárín àti ìlà-oòrùn Yúróòpù, olúkúlùkù lè ní hanukíyà tirẹ̀. Àwọn Séfádì, tí ìran wọn wá láti Sípéènì àti Pọ́túgà, sábà máa ń tan ẹyọ kan fún gbogbo ilé. Kó má ṣe yà yín lẹ́nu bí ẹ bá bá mẹ́rin lójú fèrèsé kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* gbogbo ẹnu ń jó, ṣámáṣì ti padà sí àyè rẹ̀, wọ́n sì ti ń kọrin. Tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti bọ́ sí i.

5. Ààbọ̀ wákàtí tó tẹ̀ lé e

A kì í fi iná yìí ṣe iṣẹ́. A kì í fi ka oògùn, a kì í fi wá abẹ́rẹ́, a kì í fi tan sìgá. Ṣámáṣì wà níbẹ̀ kí ó lè jẹ́ pé tirẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú bá ṣèèṣì lò. Ẹ jẹ́ kí gílóòbù yàrá wà ní títàn. Nílé púpọ̀, àwọn obìnrin kì í ṣiṣẹ́ ilé níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń jó, nítorí náà ẹ má gbé aṣọ tó fẹ́ kíká fún màmá ní àkókò yẹn.

Bí ọ̀kan bá kú kí àkókò tó pé, kò sí ìjà. Wọ́n lè tún un tàn láìgba àdúrà mìíràn. Àmọ́ ẹ má kúrò nínú yàrá.

6. Ọjọ́ Ẹtì

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Tí Sábáàtì bá ti wọlé, Júù tó ń pa á mọ́ kò ní ṣá ìṣáná títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi ṣú. Nítorí náà iná Hánúkà ọjọ́ Ẹtì gbọ́dọ̀ ṣáájú iná Sábáàtì, iná Sábáàtì náà sì gbọ́dọ̀ ṣáájú wíwọ̀ oòrùn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ń tan ti Sábáàtì. Ní Jerúsálẹ́mù, ìṣẹ́jú 40 ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ ní London kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ní New York ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tó bá ń ronú pé Hánúkà dalẹ́, tó sì lọ sí ọjà ní aago mẹ́ta, kò ní bá a.

1. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ẹ ti to hanukíyà tán.
2. Ẹ má lo àbẹ́là tínrín. Iná yìí gbọ́dọ̀ wà láàyè láti ìgbà tí oòrùn kò tíì wọ̀ títí di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, ìyẹn wákàtí kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbẹ́là inú páálí kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó nípọn tàbí òróró ló lè gbé e.
3. Ẹ rí i dájú pé ilẹ̀kùn tí a máa ń ṣí kò fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí ó bá kú lẹ́yìn tí Sábáàtì wọlé, ó ti kú nìyẹn.
4. Hánúkà ṣáájú, Sábáàtì tẹ̀ lé e. Bí màmá bá gbé àbẹ́là Sábáàtì lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ rán wọn létí: "Màmá, ti Hánúkà ńkọ́?"

Ní òru yẹn, ẹ má gbé hanukíyà kúrò, bó tilẹ̀ ti kú. Ẹ sì mọ̀ pé òfin wọn kò fẹ́ kí Júù rán ẹni tí kì í ṣe Júù ní iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ní Sábáàtì. Nítorí náà bí màmá bá kàn wí pé "yàrá yìí mà ṣókùnkùn o," tó sì dákẹ́, ẹ má rò pé wọ́n ń ráhùn lásán. Ṣùgbọ́n bí iná bá ran kọ́tìnnì, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni: ẹ pa á, ẹ gbé wọn jáde, ẹ pe àwọn panápaná. Ẹ̀mí ju Sábáàtì lọ nínú òfin tiwọn fúnra wọn.

Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta: ẹ má to ohunkóhun sílẹ̀ ní ọ̀sán, a kì í fi Sábáàtì múra sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ẹ dúró kí ìràwọ̀ yọ. Nílé púpọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe Havdalah, ìdágbére fún Sábáàtì, pẹ̀lú wáìnì, èròjà olóòórùn dídùn àti àbẹ́là tí a hun. Àwọn mìíràn ń tan Hánúkà ṣáájú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn títàn, ẹ yọjú. Bí iná bá ṣì wà, ọjọ́ Ẹtì ti yọrí.

7. Látíkè, àti ọ̀rọ̀ ìkòkò

Oúnjẹ inú òróró ni ti Hánúkà: látíkè, tí í ṣe ọ̀dùnkún òyìnbó rírin tí a dín, àti sufganiyot, dónọ́ọ̀tì tó ní jáàmù nínú. Kí ẹ tó dáná, ẹ bèèrè ìkòkò. Nílé kóṣà, ìyẹn ilé tó ń tẹ̀ lé òfin oúnjẹ àwọn Júù, ohun ẹran àti ohun wàrà kì í pàdé. Ìkòkò, ṣíbí, àní kànìnkànìn ìfọbọ́ náà lè jẹ́ méjì méjì. Ẹ má gbé páànù láti ilé yín wá. Bí ẹ bá sì din pọ́fùpọ́fù aládùn nílé yín tí ẹ gbé e wá, tí wọn kò jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀gàn. Iná àti ìkòkò tí a fi ṣe é ni wọn kò mọ̀. Nǹkan inú ọ̀rá tí wọn kò tíì ṣí, tó ní àmì kóṣà lára, ni ẹ̀bùn tó dára.

Fún ènìyàn mẹ́rin: ọ̀dùnkún kílò kan, àlùbọ́sà ńlá kan, ẹyin méjì, ìyẹ̀fun ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta, iyọ̀. Ẹ yẹ ẹyin wò nínú ife lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dà á sí i. Èyí tó bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, wọn kò ní jẹ ẹ́.

Ẹ rin ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà papọ̀, ẹ kó o sínú aṣọ mímọ́, ẹ fún un. Ibi tí látíkè ti ń bàjẹ́ nìyí: wọn kì í fún un tó. Ẹ fún un lé àwo kan lórí títí omi kò fi ní kán mọ́. Ẹ jẹ́ kí omi yẹn sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ máa rí funfun tó sílẹ̀ nísàlẹ̀ àwo bí ògì. Ẹ da omi nù, ẹ ha funfun náà padà sínú ọ̀dùnkún. Òun ló ń dì í mú. Ẹ wá po ẹyin, ìyẹ̀fun àti iyọ̀ mọ́ ọn.

Òróró gbọ́dọ̀ gbóná tó tí fọ́nrán ọ̀dùnkún kan á fi hó lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá jù ú sí i. Ẹ fi ṣíbí bù ú, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ má yí i títí etí rẹ̀ á fi pọ́n. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ápù tí a sè rọ̀ ló bá gbogbo tábìlì mu. Kírímù kíkan dùn sí i lóòótọ́, àmọ́ bí ẹran bá wà lórí tábìlì, tàbí bí wọ́n bá fi ọ̀rá adìyẹ dín in, ẹ má gbé e jáde rárá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì. Ìta rẹ̀ á dún, inú rẹ̀ á jinná láìsí omi.

Bí àwọn ọmọ-ọmọ bá wá, wọ́n á yí dreidel, òkòtó onígun mẹ́rin tí lẹ́tà Hébérù wà lára rẹ̀, láti fi ta ayò lé ohun tí gbogbo wọn dá jọ. Bó bá dúró sórí Nun, ẹni tó yí i kò gba nǹkan. Gimel, ó kó gbogbo rẹ̀. Hey, ó gba ìdajì. Shin, ó fi kún un. Ní Ísírẹ́lì, lẹ́tà Pe ló wà ní ipò Shin. Ṣokoléètì tí a ṣe bí owó ni wọ́n sábà máa ń ta. Ẹ ṣọ́ ìwọ̀n ṣúgà màmá níbẹ̀.

8. Ìpalẹ̀mọ́

Ẹ jẹ́ kí ìda tutù pátápátá kí ẹ tó yọ ọ́ pẹ̀lú igi. Ọ̀bẹ ń họ fàdákà, púpọ̀ nínú hanukíyà wọ̀nyí sì jẹ́ ogún. Omi gbígbóná ló dára fún èyí tó bá kù. Ẹ má dà á sínú páìpù ilé ìdáná, á dí i.

Òróró tó ṣẹ́kù nínú ife lẹ́yìn alẹ́ kẹjọ kì í ṣe ti ọbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òwú rẹ̀ kì í ṣe ti ìdọ̀tí lásán. Ẹ bi onílé, ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ kí a sun ún. Èyí tó kù nínú ìgò tí a kò tíì bù sí ife, òróró lásán ni. Ẹ dé e, ẹ dá a padà sí ilé ìdáná.